Yàrá méjì ní Òkèpópó: ṣé kí n kó padà sí Èkó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Èkó ni mí, Òkèpópó ni wọ́n bí bàbá mi sí, ṣùgbọ́n Ìkòròdú ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì ń gbé láti 2013. Marina ni ọ́fíìsì mi wà. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mò ń wọlé, àwọn ọmọ á ti sùn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá bàbá mi, alájà mẹ́ta, ṣì wà ní Òkèpópó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń gbé yàrá méjì ní àjà kejì kú lọ́dún tó kọjá, yàrá náà sì ṣófo. Àbúrò bàbá mi kan fẹ́ fi wọ́n háyà fún oníṣòwò aṣọ tó ń wá ibi ìkẹ́rùsí. Olórí ẹbí ní kí n sọ tèmi kí oṣù tó parí, torí pé bàbá mi ti kú. Mo ń gbọ́ pé lókè òkun, àárín ìlú ni àwọn èèyàn ń kó padà sí báyìí. Ṣé kí àwa náà kó padà? Ẹ̀rù ń ba ọkọ mi.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìfaradà ọ̀nà. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì, nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí ní Láfíàjí, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí iṣẹ́ mi ti jẹ́ pé kí n máa yẹ ilé wò, kí n sì máa díye lé e. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn kó tó dé ibi tí ẹ ń retí: ẹ kó padà, bí ilé bá lè gbà yín. Ariwo Ìdúmọ̀tà kọ́ ni yóò sọ bóyá ó lè gbà yín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀dà tó ti ṣí lára ògiri. Ẹ lọ wo ẹrù tó wà lábẹ́ yàrá yẹn àti èyí tó wà lórí rẹ̀. Lóde òní, ẹrù ló ń lé èèyàn kúrò ní Èkó.

Nígbà kan, ìjọba ló ń lé wọn. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, wọ́lé-wọ́lé ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, wọ́n ń wó ilé. Ní 1928 ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Èyí tó dun àwọn òbí wa jù ni ti 1955. Wọ́n fa ìlà yí nǹkan bí 70 éékà ká láàárín ìlú, wọ́n ní ilé ibẹ̀ ti fún pọ̀ jù, pé òmìnira ń bọ̀, olú ìlú kò sì gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ lójú àlejò. Súrúlérè ni wọ́n kó wọn lọ. Kí n má parọ́, ilé tí wọ́n fún wọn níbẹ̀ dára: omi wà, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti ń pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀, tí oníbàárà mọ̀ ọ́n mọ ojúlé, di ẹni tó ń wọkọ̀ lọ sọ́jà kó tó rí ẹnì kan tajà fún. Owó ọkọ̀ jẹ èrè. Ẹ̀gbọ́n wà ní Súrúlérè, àbúrò wà ní Èbúté Mẹ́ta, ìyá àgbà wà lọ́dọ̀ àna, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń parí lágbàlá lálẹ́ kan ṣoṣo wá di ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n sì ń ta ilẹ̀ náà padà, owó rẹ̀ ti ga ju ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni ín lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọ́fíìsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ kó lọ sí Ìkẹjà ní 1976. Ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991. Ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ gbé olú ilé iṣẹ́ wọn sọdá sí Victoria Island. Bí ẹ bá gba Broad Street kọjá lálẹ́, tí ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí àjà tí iná kò tàn rí lójú fèrèsé wọn.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fi ojú ọ̀tọ̀ wo ohun tí ẹ gbọ́ nípa òkè òkun. Ní ìsàlẹ̀ Manhattan ní New York, ọ́fíìsì ló gba gbogbo ibẹ̀. Tó bá ti di alẹ́, òfìfo ni. Ní 1995 ìjọba dín owó orí kù fún ẹni tó bá sọ ọ́fíìsì di ilé ìgbé, àwọn onílé sì gbà, èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn níbi tí àkọ̀wé nìkan ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n ní láti lé kí wọ́n tó wọlé. Ṣùgbọ́n ti Salvador ní Bahia, ní Brazil, yàtọ̀. UNESCO kọ orúkọ àárín ìlú náà, Pelourinho, sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 1985. Nígbà tó di 1992, ìjọba Bahia bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ibẹ̀ ṣe. Wọ́n fún àwọn tálákà tó ń gbé ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ èèyàn dúdú, ní owó díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ilé di aláràbarà, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù arìnrìn-àjò ló gba yàrá wọn. Ọ̀rọ̀ Bahia kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará ibòmíràn fún wa. Àwọn tó ti Bahia padà wá sílé ló kọ́ Pópó Àgùdà, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ilé bàbá yín. Ilé Ìlọ́jọ́, ọ̀kan nínú irú ilé wọn, tí wọ́n kọ́ sí Tinubu ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Mo lọ dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọmọ ń ṣa irin nínú àwókù.

Ti Èkó wa kò jọ ti New York, kò sì jọ ti Salvador, nítorí pé èèyàn kò fìgbà kan tán níbẹ̀. Òkèpópó kún, Ìsàlẹ̀ Èkó kún, Láfíàjí kún. Ohun tó ń dín kù ni yàrá tí èèyàn ń sùn sí. Oníṣòwò Balógun kan lè san owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í béèrè omi, kì í béèrè iná, ọmọ rẹ̀ kì í sunkún lóru. Kí ni onílé tún ń wá? Bẹ́ẹ̀ ni yàrá ìsàlẹ̀ ṣe ń di ṣọ́ọ̀bù, tí yàrá òkè ń di ibi ìkẹ́rùsí, tí àgbàlá ń di ibi tí àwọn alábàárù ń sọ bélì, ìyẹn ẹrù aṣọ tí wọ́n dì pọ̀, kalẹ̀ sí. Ìfẹ́ ọkàn àbúrò bàbá yín yé mi. Owó gidi ni, ẹbí sì ní ìnáwó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí owó yẹn ń rà.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ilẹ̀kùn yàrá ìyá bàbá mi ní Láfíàjí bẹ̀rẹ̀ sí í há. Kápẹ́ńtà wá, ó fi ìfági fá etí rẹ̀ nísàlẹ̀. Oṣù mẹ́rin, ó tún há. Kápẹ́ńtà tún wá. Wọ́n ní òjò ló mú igi wú. Nígbà kẹta tí wọ́n fá a láàárín ọdún kan, ilẹ̀kùn ti kéré débi pé ológbò lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ó sì ṣì ń há ní òkè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà. Mo mú okùn ọ̀gbọ̀, mo nà án lábẹ́ dẹ́kìn tó wà lókè, ìyẹn ilẹ̀ yàrá òkè, láti ògiri kan dé ògiri kejì, mo fà á le. Láàárín yàrá, dẹ́kìn kan okùn. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri méjèèjì, ìka mi méjì wọ àárín okùn àti dẹ́kìn. Ilẹ̀kùn kò wú. Dẹ́kìn ló ń rọ̀, tí ó ń fa férémù ilẹ̀kùn wọ́. Mo gun òkè lọ. Nínú yàrá tó wà lórí rẹ̀, tí àbúrò bàbá mi fi háyà fún oníṣòwò kan, bélì aṣọ ga láti ilẹ̀ dé àjà, kò sí ibi tí èèyàn lè gbẹ́sẹ̀ sí. Ìsàlẹ̀ ni ìyá àgbà ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye hàn yín, kí ẹ lè sọ ọ́ fún ẹbí bó ṣe rí. Ilẹ̀ yàrá tí èèyàn ń gbé, àwọn ẹnjiníà ń ṣírò rẹ̀ kó lè gbé nǹkan bí 150 kg lórí mítà kan ní ìbú àti òró. Tó bá jẹ́ ibi ìkẹ́rùsí, ìṣirò wọn jẹ́ nǹkan bí 240 kg fún gbogbo mítà kan tí ẹrù bá fi ga. Bélì tí wọ́n tò dé mítà méjì ààbọ̀ ti di 600 kg. Ìlọ́po mẹ́rin ohun tí wọ́n ní kí ilẹ̀ yẹn gbé nìyẹn, bí ó bá jẹ́ pé ẹnjiníà tilẹ̀ ṣírò ilé náà rárá. Ọ̀pọ̀ ilé àwọn baba ńlá wa, bíríkìlà àti ọgbọ́n orí ló kọ́ ọ. Ìtá Fàájì kò jìnnà sí yín. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ilé ìwé wà ní òkè rẹ̀ wó níbẹ̀ ní àárọ̀, lójú ọjọ́ ilé ìwé. Àwọn tó kú tó 20, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Látọjọ́ náà, n kì í wọ yàrá ẹnikẹ́ni ní Èkó kí n má gbójú sókè.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́: ẹ mú okùn lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ yàrá méjèèjì yẹn láti ògiri dé ògiri, ní òró àti ní ìbú, kí ẹ wo bóyá ìka wọ abẹ́ rẹ̀ láàárín, kí ẹ sì nà án lábẹ́ dẹ́kìn òkè bí mo ṣe nà án. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ tì í, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ wo abẹ́ dẹ́kìn tó wà lókè yín: bí ìpẹ́ símẹ́ńtì bá ti ń jábọ́ tí irin pupa hàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ún kí onímọ̀ tó rí i. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń jẹ irin ní Èkó ju bó ṣe ń jẹ ẹ́ ní Ìkòròdú lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Ilé alájà mẹ́ta ti ìgbà yẹn sábà máa ń ní méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn lẹ́bàá ilé ìdáná. Èyí tẹ̀yìn ni oníṣòwò máa ń kọ́kọ́ fi ẹrù dí, nítorí pé kò sí ẹni tó ń wò ó. Bí iná bá sọ lọ́jà lóru, òun ni ọ̀nà àwọn ọmọ yín.

Bí okùn bá rí bí tèmi ṣe rí, ẹ pe ẹnjiníà ilé tó ní ìwé ẹ̀rí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé àyẹ̀wò ohun èlò ilé tirẹ̀. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ lu òpó yín láti mọ bó ṣe le tó, láì wó nǹkan kan. Ó ń ná owó, ṣùgbọ́n ẹbí ló yẹ kó san án, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, torí ọmọ gbogbo ẹbí ló ń gun àtẹ̀gùn yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹbí náà nìyí, òun ló sì gùn jù.

Ẹ kò sọ fún mi bóyá ẹ̀gbọ́n bàbá yín tó kú bímọ. Ẹ lọ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó sọ ohunkóhun nínú ìpàdé. Bí ó bá bímọ, tí yàrá yẹn sì jẹ́ ìpín rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín ilé yẹn tàbí orí-ò-jorí. Ìdí-igi ni kí wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tí baba ńlá yín fẹ́, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan wá pín tiwọn. Orí-ò-jorí ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ló la ọ̀rọ̀ yìí. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní London, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà wa, àyàfi tí ìjà bá dé tí olórí ẹbí wo ọ̀rọ̀ náà tó ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Ẹ̀yin dúró sí ipò bàbá yín, àwọn ọmọ ìyá yín náà sì dúró níbẹ̀. Kí àwọn yẹn fọwọ́ sí i kí ẹ tó kó àpótí kan wọlé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé obìnrin kì í sọ̀rọ̀ nípa ilé baba rẹ̀. Láti 1908 ni ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ ilé ìdílé Mabinuori, ní Èkó níbí, pé obìnrin lè jẹ olórí ẹbí. Bákan náà, àbúrò bàbá yín kò lè dá yàrá ilé ẹbí háyà fún ara rẹ̀ láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ojúlé mọ̀ sí i.

Ibi tí mo ti rí omijé jù ni èyí: ilé ẹbí ni, kò ní di tiyín. Bí ẹ bá tún òrùlé ṣe, tí ẹ lẹ táìlì, tí ẹ ṣe ilé ìwẹ̀ síbẹ̀, ti ẹbí ni gbogbo rẹ̀ lójú òfin. Mo mọ ọkùnrin kan tó ná owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tán sórí àjà kan ní ilé baba rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì rí kọ́bọ̀ gbà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ra símẹ́ńtì: yàrá wo, ọdún mélòó, iye tí ẹ ó ná, bí ẹbí yóò ṣe dá a padà bí ẹ bá kó jáde. Kí olórí ẹbí àti ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí lọ́yà jẹ́rìí. Ẹ má ná owó tí ẹ kò lè gbàgbé. Ẹ má sì ta ilé Ìkòròdú bó bá jẹ́ tiyín. Ẹ fi háyà.

Ohun tí ẹ ó fi dá àbúrò bàbá yín lóhùn nípa owó ni pé kí ẹ̀yin máa san iye kan sínú àpò àtúnṣe ilé lóṣooṣù. Kò ní tó ti oníṣòwò aṣọ. Ẹ fi iye kílógíráàmù tí mo kọ sókè yìí hàn wọ́n, kí wọ́n wá ṣírò iye tí dẹ́kìn tuntun ń ná.

Ti ọkọ yín wá ńkọ́? Ẹ ní ẹ̀rù ń bà á. Mo rò pé kì í ṣe ẹ̀rù kí ilé wó nìkan. Ọkùnrin tó ń gbé nílé àna rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí wọn kò sọ. Ẹ má ṣe torí ìyẹn pè é ní onígbèéraga. Kí olórí ẹbí yín fúnra rẹ̀ pè é, kó bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kó sọ fún un pé ẹbí ló ní kí ẹ wá. Àwọn obìnrin Èkó ti ń ní yàrá nílé baba wọn láti ayébáyé. Èyí tó máa mú kó rọrùn fún ọkọ ni bí wọ́n bá ṣe gbà á wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nǹkan yòókù kéré síyẹn. Omi: ẹ ó máa ra lọ́wọ́ mẹ́ruwà ní ọjọ́ kan, omi ẹ̀rọ á yọ ní ọjọ́ kejì, kànga ibẹ̀ sì lè ní iyọ̀. Ilé ìwé: ẹ wá èyí tí àwọn ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé, kí ẹ sì wo ilé tí ilé ìwé náà wà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wo tiyín. Rélùwéè kò tíì ràn yín lọ́wọ́ ní Ìkòròdú: èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 2 sí Marina ní oṣù Kẹsàn-án 2023 kò gba ọ̀dọ̀ yín, ti Agbádo sí Oyíngbò kò gbà á. Ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò ló kù, mo sì rò pé ẹ ti gbìyànjú rẹ̀.

Láti Òkèpópó dé Marina, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín ní nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Ẹ ó rí àwọn ọmọ yín kí oòrùn tó wọ̀. Èmi kò fojú kékeré wo ìyẹn. Ìyá bàbá mi, nígbà tí ẹbí yan owó bélì, a kó o lọ sí Agége, sí ilé tó dára, tó ní fèrèsé ńlá. Ó lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Láràárọ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé bóyá ó gba Láfíàjí kọjá. Kò padà sùn níbẹ̀ mọ́ kó tó kú.

Ẹ lọ sun ibẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ọjà ṣì gbóná. Ẹ tún lọ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ mú ọkọ yín dání. Ẹ gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn lọ sókè, kí ẹ sì gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀, nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ iye ìka tó wọ abẹ́ okùn yẹn.